Láti Mọ̀pà dé Lọ́ńdọ̀nù: ṣé Àbújá ni kí màmá gbà àbí Èkó?

Ọmọ Mọ̀pà:
Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀kun gbogbo yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú.

Físà màmá wa ti jáde. Ẹni ọdún 74 ni wọ́n, wọn ò wọ bàálù rí. Orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu díẹ̀, àmọ́ ara wọn le. Ọmọ wọn obìnrin bímọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń lọ, ìparí oṣù kọkànlá la ń wò. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà lọ́hùn-ún ní kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì láti Èkó torí pé owó rẹ̀ dín díẹ̀. Èmi rò pé Àbújá ló yẹ wá. Mo wo orí íntánẹ́ẹ̀tì, ibì kan ní wákàtí márùn-ún, ibòmíràn ní mẹ́fà ààbọ̀, ibòmíràn tún ní mẹ́rìnlá. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rin ọ̀nà yìí, báwo ni Àbújá ṣe jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù tó? Wákàtí mélòó ni màmá máa lò lójú òfurufú? Báwo ni mo ṣe lè gbé wọn dé ibẹ̀ láti Mọ̀pà ní Kogí tí kò ní jẹ́ pé ó ti rẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbéra?

Tíṣà Ìsánlú:
Ẹ kú oríire físà o. Ọlọ́run á mú màmá lọ re, á mú wọn bọ̀ re.

Ìdí tí iye wákàtí yẹn ò fi bára mu ni pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kà. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Láti pápákọ̀ òfurufú Nnamdi Azikiwe ní Àbújá dé Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù, tí èèyàn bá wọ̀n ọ́n tààrà, bíi kìlómítà 4,770 ni. Láti Murtala Muhammed ní Èkó dé Heathrow, bíi 5,000 ni. Ìyẹn ni pé Àbújá fi nǹkan bíi 230 kìlómítà sún mọ́ Lọ́ńdọ̀nù ju Èkó lọ. Àwọn èèyàn wa kì í rò ó bẹ́ẹ̀, torí Èkó ni wọ́n gbà pé ó jẹ́ ẹnu ọ̀nà òyìnbó. Àmọ́ àríwá ni Lọ́ńdọ̀nù wà sí wa, etí òkun ní gúúsù sì ni Èkó wà. Ẹni tó bá gbéra ní Èkó máa kọ́kọ́ fò padà lọ sókè kó tó dé ibi tí ẹni tó gbéra ní Àbújá ti bẹ̀rẹ̀.

Ó wá ku wákàtí. Bàálù ńlá tó ti gòkè tán máa ń sá tó 900 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹ fi 900 pín 4,770, wákàtí márùn-ún àti nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lẹ máa rí. Ibẹ̀ ni wákàtí márùn-ún yẹn ti wá. Ẹ̀rọ ìṣírò ló ṣe é, bàálù gidi kì í fò bẹ́ẹ̀. Ó máa rọra yí kiri lórí ilẹ̀, ó máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kì í sì gba ọ̀nà tó gún régé torí ọ̀nà ti wà lójú òfurufú tí wọ́n là sílẹ̀ fún wọn. Tó bá sún mọ́ Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pọ̀ bàálù ló ti ń dúró de ààyè láti balẹ̀, ó sì lè yípo lókè fún ìgbà díẹ̀. Wákàtí tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí bàálù bá ti kúrò níbi tó dúró sí ní Àbújá, ó parí nígbà tó bá dúró pátápátá lọ́hùn-ún. Ìyẹn ló fi máa ń jẹ́ wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ sí mẹ́fà ààbọ̀. Òun ni kí ẹ gbà gbọ́.

Wákàtí mẹ́rìnlá tí ẹ rí, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti máa pààrọ̀ bàálù lójú ọ̀nà ni. Iye wákàtí tí wọ́n fi jókòó de bàálù kejì wà nínú ẹ̀.

Dírẹ́bà Kàbbà:
Ọ̀nà Àbújá ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ti ilẹ̀ ni màá sọ.

Lójú òfurufú, Mọ̀pà sí pápákọ̀ Àbújá ò ju nǹkan bíi 180 kìlómítà lọ. Lójú títì, ó tó bíi 300. Ohun tó fà á ni Odò Ọya. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìhà Lọ́kọ́ja kó tó rí ibi tó máa gbà sọdá, lórí afárá Murtala ní Jàmátà. Kò sí ọ̀nà àbùjá kankan níbẹ̀.

Ẹ máa gba Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ jáde sí Kàbbà, ìyẹn ò ju wákàtí kan. Láti Kàbbà dé Ọbajànà, títì oníkọnkéré tí Dangote ṣe ni, ó tẹ́jú, àmọ́ tírélà sìmẹ́ńtì pọ̀ lórí ẹ̀, ẹ má ṣe kánjú mọ́ dírẹ́bà yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ máa já sí títì Òkènè ní Zàríágì, ẹ wọ Lọ́kọ́ja. Lẹ́yìn Lọ́kọ́ja ni Kotonkárífí, Àbájì, Kwálì, kí ẹ tó dé Gwagwaládà.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa nìyí. Ẹ ò ní láti wọ inú Àbújá rárá. Tí ẹ bá ti kọjá Gwagwaládà, ẹ máa bá oríta Gírì, ẹ yà sọ́tùn-ún níbẹ̀, ọ̀nà pápákọ̀ nìyẹn. Mo máa ń rí àwọn àgbàlagbà tí ọmọ wọn kó wọ ọkọ̀ èrò, tí ọkọ̀ gbé wọn kọjá Gírì lọ sí gáréèjì nínú ìlú, tí wọ́n wá tún sanwó takisí padà sẹ́yìn. Pápákọ̀ jìnnà sí àárín ìlú tó nǹkan bí 40 kìlómítà! Kò yẹ kí ẹni ọdún 74 jẹ irú ìyà yẹn. Ẹ sọ fún dírẹ́bà kí ẹ tó gbéra pé Gírì lẹ ń bọ́ sí, tàbí kẹ́ ẹ gba ọkọ̀ lódindi.

Tí ọ̀nà bá dáa, wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà ni. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé kẹ́ ẹ gbéra lóru kẹ́ ẹ lè bá bàálù àárọ̀. Ẹ má rin òru lọ́nà yẹn. Ẹ kúrò ní Mọ̀pà bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́ ní ọjọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ dé kí oòrùn tó rẹlẹ̀, kẹ́ ẹ sun tòsí pápákọ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ́:
Ọ̀nà kan ò wọ ọjà o. Ẹ má gbàgbé Ìlọrin.

Kí wọ́n tó dá Kogí sílẹ̀ lọ́dún 1991, Kwara ni gbogbo wa wà, Ìlọrin ni olú ìlú wa, ẹsẹ̀ àwọn ará Ẹ̀gbẹ́ sì ti mọ ọ̀nà yẹn. Láti Ẹ̀gbẹ́, a máa gba Èrúkù, a máa dé Ìlọrin ní nǹkan bíi 130 kìlómítà. Bàálù tó ń ti Ìlọrin lọ sí Èkó wà, kò pé wákàtí kan lókè, torí gbogbo ọ̀nà yẹn ò ju bíi 240 kìlómítà. Tí ẹ̀gbọ́n yín bá fẹ́ràn tíkẹ́ẹ̀tì Èkó, ohun tí mo máa ṣe nìyẹn dípò kí n gbé màmá jókòó sínú ọkọ̀ dé Èkó. Títì Mọ̀pà sí Èkó lé ní 400 kìlómítà. Odindi ọjọ́ kan gbáko ni, ara á sì ti ro wọ́n kí wọ́n tó wọ bàálù.

Dírẹ́bà Kàbbà:
Ẹ̀gbọ́n, fún ará Ẹ̀gbẹ́, òótọ́ lẹ sọ. Odò-Ẹ̀rẹ̀ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ fún ará Mọ̀pà, bí Ìlọrin tilẹ̀ sún mọ́ wọn ju Àbújá lọ lójú títì, wọ́n ṣì máa tún wọ bàálù lọ sí Èkó. Tí wọ́n bá sì dé Èkó, ìrìn àjò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ ni.

Ìyá Ìbejì, Ìyàrá:
Mo fara mọ́ ọn. Mo ti mú ìyá ọkọ mi gba Ìlọrin rí, màá sọ ohun tí ojú mi rí. Àkọ́kọ́, bàálù Ìlọrin ò pọ̀ lójúmọ́. Èyí tí a sanwó fún sún wa síwájú láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, a fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ti òyìnbó. Èkejì, ẹrù. Bàálù abẹ́lé kì í gba ẹrù tó iye tí ti òkèèrè máa ń gbà, a san àfikún owó lórí àpótí kejì. Ẹ̀kẹta ni pé ibi tí bàálù abẹ́lé ń balẹ̀ sí ní Ìkẹjà kọ́ ni ibi tí ti òkèèrè ti ń gbéra. Ẹ máa wá ọkọ̀, ẹ máa tún kó ẹrù wọlé lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú ìyá tí orúnkún ń dùn.

Bí tíkẹ́ẹ̀tì Èkó bá fi nǹkan dín, ẹ ro owó bàálù Ìlọrin mọ́ ọn, ẹ ro owó ẹrù àti ti ilé tí ẹ máa sùn sí. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá ó ṣì dín.

Ọmọ Mọ̀pà:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ń rí ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi tún fi òmíràn ránṣẹ́ báyìí, èyí tó máa gba Addis Ababa kọjá láti Àbújá. Owó rẹ̀ rọjú ju gbogbo ìyókù lọ, òun ni wákàtí mẹ́rìnlá tí mo rí. Ó ní kò sí nǹkan níbẹ̀, pé kí màmá kàn tẹ̀ lé àwọn èrò.

Tíṣà Ìsánlú:
Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Àbújá sí Addis Ababa jẹ́ bíi 3,460 kìlómítà, ìlà oòrùn pátápátá ni wọ́n dojú kọ, wọn ò sún mọ́ Lọ́ńdọ̀nù rárá. Addis Ababa sí Lọ́ńdọ̀nù wá jẹ́ bíi 5,900. Àpapọ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ọ̀nà tààrà. Tí ẹ bá gba Istanbul, ó sàn díẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi 6,650. Fún ọ̀dọ́ tó fẹ́ dín owó kù, méjèèjì dára, ilé iṣẹ́ tó ń fò níbẹ̀ sì gbajúmọ̀. Àmọ́ fún màmá, mi ò ní gbà á.

Nọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ Kàbbà:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí màmá tí kò wọ bàálù rí dá pààrọ̀ bàálù. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe níbí, ọ̀rọ̀ yìí sì ká mi lára. Pápákọ̀ ńlá wọ̀nyẹn gbòòrò, ìrìn tó wà láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì lè gun ju bí èèyàn ṣe rò lọ, pátákó tí wọ́n kọ nǹkan sí kì í ṣe Yorùbá, ó sì lè jẹ́ òru ni wọ́n máa débẹ̀. "Kí wọ́n tẹ̀ lé èrò" kì í ṣe ètò. Àwọn èrò yẹn ò lọ síbì kan náà.

Bàálù tó ń fò tààrà láti Àbújá sí Heathrow wà, British Airways ń fò ó. Òun ni kẹ́ ẹ wá. Tẹ́ ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ béèrè fún àga onítáyà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ béèrè rẹ̀ ó kéré tán wákàtí 48 kó tó di ọjọ́ ìrìn àjò, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá dé iwájú káńtà. Kì í ṣe fún ẹni tí kò lè rìn nìkan, orúnkún tó ń dùn ti tó ìdí. Ẹni tó máa tì wọ́n máa mú wọn kọjá ibi àyẹ̀wò, ó máa mú wọn dé ẹnu bàálù. Ní Heathrow, ẹlòmíràn máa pàdé wọn, á mú wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè, á mú wọn gba ẹrù, títí wọ́n á fi rí ọmọ wọn. Èyí nìkan ló máa gba ìdajì àníyàn yín kúrò.

Ó ku ti ara. Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ lórí ìjókòó kì í ṣe kékeré fún ẹsẹ̀ àgbà. Ìrìn àjò tó bá ti lé ní wákàtí mẹ́rin lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀, pàápàá fún ẹni tó ti dàgbà. Ẹ sọ fún màmá kí wọ́n máa ju ọrùn ẹsẹ̀ wọn sókè sódò lórí ìjókòó, kí wọ́n dìde rìn nínú bàálù bí àmì bá ti gbà wọ́n láyè, kí wọ́n máa mu omi torí atẹ́gùn inú bàálù gbẹ. Ẹ lọ bi dókítà yín kí wọ́n tó gbéra bóyá ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ yẹ wọ́n. Ẹ má kàn rà á lọ́jà. Tí wọ́n bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, inú báàgì ọwọ́ ni kó wà, nínú páálí tó bá a wá, pẹ̀lú ìwé dókítà. Kò gbọdọ̀ wọnú àpótí tó ń lọ sísàlẹ̀ bàálù.

Ìjókòó etí ọ̀nà àárín bàálù ni kẹ́ ẹ mú fún wọn, kí wọ́n lè dìde láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Tíṣà Ìsánlú:
Gbogbo ẹ̀ ni mo gbà, àfi ti ìjókòó tí mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ díẹ̀ sí. Tó bá jẹ́ bàálù ọ̀sán ni, ẹ bi màmá bóyá wọ́n fẹ́ ojú fèrèsé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá kúrò ní ilẹ̀ wa, Niger ló kàn, Algeria tẹ̀ lé e, òkun Mediterranean, ilẹ̀ Faransé, kí wọ́n tó wọ England. Ó lé ní wákàtí méjì tí wọ́n máa fi wà lókè aṣálẹ̀ Sàhárà, iyanrìn lọ salalu, láìrí igi kan. Ohun tí màmá máa sọ fún àwọn ọmọ ọmọ wọn nìyẹn. Kò tọ́ kí àgbà fo gbogbo Sàhárà kí wọ́n má rí i.

Nọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ Kàbbà:
Ẹ̀gbọ́n tíṣà, ẹ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ bàálù mú wọn lọ wo fèrèsé tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà nígbà tí wọ́n bá dìde rìn. Ẹsẹ̀ ni mo ń rò.

Ọmọ Ìyàmoyè, Atlanta:
Ẹ kú àlàyé. Mo fẹ́ fi ohun kan kún un nípa aago, torí ó máa ń da àwọn ará ilé tó ń dúró de èrò láàmú. Aago ìlú tí bàálù ti gbéra ni wọ́n fi ń kọ ìgbà tó gbéra, aago ìlú tó balẹ̀ sí ni wọ́n fi ń kọ ìgbà tó balẹ̀. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹta dé èyí tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹwàá, aago Lọ́ńdọ̀nù bá ti Nàìjíríà dọ́gba. Lẹ́yìn ìyẹn, tiwọn á fi wákàtí kan kéré sí tiwa. Oṣù kọkànlá ni màmá ń lọ. Tẹ́ ẹ bá rí i lórí tíkẹ́ẹ̀tì pé wọ́n gbéra ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ tí wọ́n sì balẹ̀ ní agogo kan àti ogún ìṣẹ́jú ọ̀sán, ẹ má sọ pé wákàtí márùn-ún àti ogún ìṣẹ́jú ni. Ẹ fi wákàtí kan kún un.

Ọ̀dọ̀ tiwa níbí, wákàtí márùn-ún ni a fi kéré sí Nàìjíríà nígbà ooru, mẹ́fà nígbà òtútù. Èkó sí Atlanta tó bíi 9,400 kìlómítà. Tí a bá ń bọ̀ níbí, ó máa ń tó wákàtí méjìlá tàbí kó lé díẹ̀. Tí a bá ń padà sílé, ó máa ń dín ní wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí afẹ́fẹ́ ńlá kan wà lókè tó ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn, ó ń ta bàálù nídìí lọ. Ti Lọ́ńdọ̀nù ò rí bẹ́ẹ̀. Gúúsù sí àríwá ni ọ̀nà tiyín, afẹ́fẹ́ yẹn kàn ń dábùú wọn ni, ìyàtọ̀ tó wà láàárín àlọ àti àbọ̀ ò pọ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ́:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ má fọkàn lé Àbújá nìkan. Ẹ ò rántí ọdún 2017? Láti ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta ni wọ́n ti pápákọ̀ Àbújá pa fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n lè tún ojú ọ̀nà tí bàálù ń sá lé ṣe, torí ọ̀kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Kàdúná ni wọ́n ní kí bàálù máa lọ nígbà yẹn. Lọ́dún 2023 ẹ̀wẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger, wọ́n ti ojú òfurufú wọn pa láti ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Bàálù tó ń lọ sí òkè òyìnbó láti ilẹ̀ wa ní láti fò yípo, wákàtí sì gùn sí i.

Tíṣà Ìsánlú:
Èyí dáa pé ẹ mẹ́nu bà á. Àmọ́ ti Niger yẹn kan Èkó náà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún Ọmọ Mọ̀pà ni pé kó yẹ ìròyìn bàálù wò ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ lọ àti lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó sì fi nọ́ńbà fóònù tó ń ṣiṣẹ́ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun nìkan. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí, ẹni náà sì ti sùn.

Dírẹ́bà Kàbbà:
Ilẹ̀ náà ní tiẹ̀. Lọ́dún 2012 àti 2022, odò kún bo títì ní ìhà Kotonkárífí, ọkọ̀ ò rí ọ̀nà kọjá. Oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni ìgbà tí ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà wá. Ìparí oṣù kọkànlá tí ẹ mú yẹn dára, omi ti máa ń fà, ọyẹ́ ò sì tíì le. Tẹ́ ẹ bá sún un sí oṣù kejìlá tàbí ìkíní, ẹ mọ̀ pé eruku ọyẹ́ lè mú kí bàálù máà rí ilẹ̀ dáadáa. Ẹ má sún un.

Ìyá Ìbejì, Ìyàrá:
Ẹrù ńkọ́? Mo mọ̀ pé màmá ti ń gún èlùbọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kó o, kí wọ́n dì í dáadáa nínú ọ̀rá tó mọ́, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára. Ẹran ni kí wọ́n má kó: ẹran gbígbẹ, ẹran ìgbẹ́, kílíṣí, wàrà, wọn ò gbà kí èèyàn kó wọn wọ ilẹ̀ wọn láti ọ̀dọ̀ wa, wọ́n máa gbà á dànù. Àti pé ohun olómi tó bá ju 100 mililítà lọ nínú ìgò kan kò gbọ́dọ̀ sí nínú báàgì ọwọ́, epo pupa àti oyin ń kọ́? Inú àpótí ńlá ni, tí wọ́n bá dì í kó má baà jò. Bátìrì tí a fi ń gba iná sí fóònù, inú báàgì ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ wà, kò gbọ́dọ̀ wọ àpótí. Ẹ wọn ẹrù nílé kẹ́ ẹ tó gbéra. Mo ti rí ìyá tó ń tú ẹrù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pápákọ̀ níwájú gbogbo èrò, kò bọ̀wọ̀ fún wọn.

Ọmọ Mọ̀pà:
Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún màmá. Ti Sàhárà ló dùn mọ́ wọn jù, wọ́n ní ojú fèrèsé làwọn fẹ́, pé àwọn máa máa ju ẹsẹ̀. A ṣì ń bá wọn sọ ọ́.

Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣírò ọkọ̀ dé Èkó àti ilé tí a máa sùn fún un, ó ti gbà pé ká ra ti Àbújá tààrà. Heathrow ló máa balẹ̀ sí, mo sì ní kó rí i dájú pé òun náà lọ Heathrow, torí ó sọ pé nígbà kan rí ẹnì kan dúró de èrò ní Gatwick tí èrò náà sì wà ní Heathrow. Bàálù àárọ̀ ni. A ní mọ̀lẹ́bí ní Lugbe, a sì tún ní ọ̀rẹ́ ìdílé ní Gwagwaládà. Níbo ló dáa ká sùn sí?

Dírẹ́bà Kàbbà:
Tó bá jẹ́ pé mọ̀lẹ́bí Lugbe ní ọkọ̀, Lugbe. Ojú ọ̀nà pápákọ̀ sí ìlú ló wà, ẹ ò ní pẹ́ débẹ̀ ní ìdájí. Tí wọn ò bá ní ọkọ̀, Gwagwaládà dára tí ọ̀rẹ́ yín bá lè gbé yín, ẹ máa gba Gírì náà ni. Èyí tó ní ọkọ̀ tó dájú nílé ló ṣe pàtàkì jù, ẹ má dúró de takisí ní ìdájí.

Ètò tí màá ṣe fún yín rèé. Agogo mẹ́fà àárọ̀ kúrò ní Mọ̀pà. Kí màmá jẹun díẹ̀, kí wọ́n má mu omi jù kí ẹ tó kọjá Ọbajànà. Ẹ dúró ní Lọ́kọ́ja, kí wọ́n sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n nasẹ̀, kí wọ́n jẹun dáadáa. Lẹ́yìn Lọ́kọ́ja, ẹ tún dúró ní Àbájì fún orúnkún yẹn. Ẹ máa dé ibi tẹ́ ẹ máa sùn ní ọ̀sán. Ní ọjọ́ kejì, wákàtí mẹ́ta kí bàálù tó gbéra ni kẹ́ ẹ ti wà ní pápákọ̀, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè àga onítáyà kẹ́ ẹ tó to ẹrù.

Nọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ Kàbbà:
Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ọmọ wọn àti àdírẹ́sì ilé tí wọ́n ń lọ sórí ìwé kan ní lẹ́tà gàdàgbà, kí ó wà nínú páásípọ́ọ̀tù. Àwọn aṣọ́bodè máa bi wọ́n ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ń lọ, ìgbà tí wọ́n máa padà, kí ni wọ́n wá ṣe. Kí màmá dáhùn bó ṣe wà gan-an. Tí òyìnbó ò bá yé wọn, kí wọ́n sọ pé Yorùbá làwọn ń sọ, wọ́n máa wá ògbufọ̀ tó bá gba bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ wọn mú aṣọ òtútù tó nípọn wá pàdé wọn, torí tí wọ́n bá jáde ní Heathrow ní ìparí oṣù kọkànlá, aṣọ òkè tí wọ́n wọ̀ láti Mọ̀pà ò ní tó.

Ọmọ Mọ̀pà:
Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dírẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ gbé wa.

Dírẹ́bà Kàbbà:
Ó ti dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ pè mí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, màá wá sùn sí Mọ̀pà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ká lè gbéra ní agogo mẹ́fà.